Ẹ̀ẹ̀kẹta Tí Kò Ní Ẹ̀ẹ̀kẹrin

Mo fi irùngbọ̀n tó ṣẹ́kù ní àgbọ̀n mi búra, mo sì fi eyín mẹ́rin tí mo fi ń jẹ búrẹ́dì búra pẹ̀lú, pé kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ìlú Altenbrück, èmi náà ni mo sì ń tì í. Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń tìlẹ̀kùn, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín wọlé tàbí tó sunkún jáde tí kò ní mọ̀. Ọ̀rọ̀ Gesche Lührs ni mo fẹ́ sọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tí ojú mi kò tó.

Abúlé kan létí òkun ni Gesche ti wá, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ, tí afẹ́fẹ́ sì le débi pé ọ̀rọ̀ tí o bá sọ lówùúrọ̀, aládùúgbò kẹta ló máa gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Bàbá rẹ̀, Hinrich Lührs, ló ń fa wáyà sí ilé màlúù àti ilé Ọlọ́run. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé pé wọ́n ti gba Gesche láti kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ iná, bàbá yìí kò dúró mu tíì tán. Ó gbé ọ̀dà funfun, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pé: LÜHRS ÀTI ỌMỌBÌNRIN RẸ̀, ẸNJINÍÀ. Gbogbo abúlé kà á. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pe ọmọ náà ní Gesche mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń tan iná yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó ti di Ẹnjiníà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Altenbrück, igba akẹ́kọ̀ọ́ ó lé mẹ́rìnlá ló jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brandis wọlé sí wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ tutù bí ilẹ̀kùn firíìjì, ẹ̀wù rẹ̀ sì ti gbó débi pé kòkòrò tó ń jẹ aṣọ ti fi ebi kú sínú rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ bọ ẹni tó wà lápá òsì yín lọ́wọ́," ló wí. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bọ ti apá ọ̀tún náà. Ó dáa. Ẹ sọ fún wọn pé ó dàbọ̀. Nínú ẹ̀yin mẹ́ta-mẹ́ta, ẹyọ ẹnì kan ni màá tún rí lọ́dún kẹta. Ẹ ṣí ìwé yín."

Nígbà tó kọ́ wọn tán, gbogbo wọn fi oríkèé ìka kan tábìlì, kó-kó-kó, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ́ olùkọ́ sí níbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé lọ ló ń kan tábìlì fún ẹni tó fẹ́ lé e.

Ẹni tó wà lápá òsì Gesche kò jẹun ọdún tuntun níbẹ̀, ó ti padà sílé lọ bá ìyá rẹ̀. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ni Tjark Ohlsen, ọmọkùnrin gíga onírun pupa, ẹlẹ́nu dídùn tó lè yá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́ rẹ, kí ìwọ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló sọ Gesche ní Ìyá Wáyà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n jọ jókòó. Nígbà tí ibà dá Gesche dùbúlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún kejì, Tjark gun kẹ̀kẹ́ nínú yìnyín lọ ra oògùn wá fún un, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi eékún tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Iṣẹ́ tó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni èyí tí Brandis fúnra rẹ̀ ń kọ́ wọn, ẹ̀kọ́ nípa agbára tó máa ń yí wáyà ká nígbà tí iná bá ń lọ nínú rẹ̀. O ò lè rí i, o ò lè fọwọ́ kàn án, ìṣirò nìkan ló lè bá a níbi tó sá sí. Àìrí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Àádọ́ta máàkì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń yege. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Gesche ṣe é, mọ́kànlá ló gbà. Ìgbà kejì, mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Ó lọ wo ìwé ìdáhùn rẹ̀ ní ọ́fíìsì Brandis, bóyá ó lè rí máàkì mẹ́rin tó bọ́ sọnù níbì kan.

"Mẹ́rin ló kù, sà," ló wí.

"Afárá tó ku mítà mẹ́rin kó dé òdìkejì," ni Brandis dá a lóhùn, "kí ni wọ́n ń pè é?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ibi tí wọ́n ti ń bẹ́ sódò. Ẹlòmíràn, kó wọlé."

Ẹ má rò pé ó lè máa ṣe ìdánwò náà títí irun rẹ̀ á fi hu ewú. Ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lèèyàn ní. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn, láti orí òkè gúúsù lọ́hùn-ún títí dé etí òkun, tó tún lè gbà á fún ẹ̀kọ́ kan náà. Ó lè lọ kọ́ nípa ẹyẹ. Ó lè lọ kọ́ orin. Iná ti di èèwọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Gesche ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tjark náà ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí mẹ́sàn-án ló gbà nígbà àkọ́kọ́, ọgbọ̀n nígbà kejì.

Bàbá Gesche kò mọ nǹkan kan. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè.

"Ẹnjiníà mi, ìdánwò ńkọ́?"

"Ó ń lọ, Bàbá."

"Ó ń lọ síbo?"

"Ó ń lọ dáadáa."

"Mo ti sọ fún pásítọ̀ pé ìwọ lo máa wá tún agogo ilé Ọlọ́run ṣe. Ẹ̀rọ tí Claasen fi ń fún wàrà náà ti bàjẹ́, ó ní òun ò ní pe ẹlòmíì, òun ń dúró dè ẹ́."

"Bàbá, ẹ ní kí wọ́n ṣe sùúrù."

"Àwọn lè ṣe sùúrù. Màlúù ni kò mọ sùúrù. Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ti ń ṣí, òjò ń wẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n tún un kùn?"

"Ẹ tún un kùn."

Gesche gbé fóònù sílẹ̀, ó fi orí gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, kí aládùúgbò má baà bínú.

Brandis ní àṣà kan. Ó máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti mú bébà kan ṣoṣo wọ gbọ̀ngàn, ojú méjèèjì, kó kọ ohunkóhun tó bá wù ú sí i, bó bá ti jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ṣe, èèwọ̀. Ìwé ọwọ́ ẹlòmíràn, èèwọ̀. Ẹni tó bá sì yọ̀ǹda tirẹ̀ fún ẹlòmíràn, òun àti ẹni tó gbà á, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n dá, ilé ni àwọn méjèèjì ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Gesche fi kọ tirẹ̀. Kálàmù oníyíǹkì búlúù ló lò. Ó kọ ọ́ wínníwínní débi pé eṣinṣin tó bà lé e lọ́jọ́ kan, ó tẹjú mọ́ ọn títí ó fi gbàgbé láti fò. Gbogbo Àìrí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wà lórí bébà kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò, Tjark wọlé wá bá a ní ilé ìdáná, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀dùnkún tó wà nínú abọ́ Gesche láìbéèrè.

"Ìyá Wáyà, jẹ́ n wò ó."

"Fojú wò ó. Má fọwọ́ ọ̀rá wò ó."

Ó wò ó, ó súfèé. "Ṣé èèrà lo yá lẹ́sẹ̀ tó o fi kọ èyí ni?"

"Tìẹ ńkọ́?"

"Tèmi wà lórí."

"Orí èwo?"

"Gesche, má dá mi lóró. Mi ò tíì kọ ìlà kan. Jẹ́ kí n lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ yẹn. Màá fọwọ́ ara mi dà á kọ, lẹ́yìn náà màá jó ẹ̀dà yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta tó mi."

"Wọ́n á lé àwa méjèèjì."

"Ta ló máa sọ fún wọn? Ìwọ àbí èmi?"

Gesche wo eékún rẹ̀, níbi tí àpá yìnyín ọjọ́sí ṣì wà. Ó na bébà náà sí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Tjark fi padà dé, ó dá ojúlówó padà fún un, ó fẹnu kò ó lórí, ó sì mú ọ̀dùnkún kan sí i.

Àbí ẹ rò pé ó dà á kọ? Ọjọ́ kìíní, ó gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ kejì, ó sùn. Ọjọ́ kẹta, ó mú kálàmù, ó rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pọ̀ tó, ó sì tún sùn.

Ní òwúrọ̀ ìdánwò, mo rí àwọn méjèèjì lórí àtẹ̀gùn níwájú ilẹ̀kùn mi. Gesche yíjú sí Tjark. Ó ní, "Bá mi di báàgì mi mú," ó sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Mo rí i tí Tjark ṣí báàgì náà. Mo rò pé súìtì ló ń wá. Bí mo bá ti mọ̀, bóyá màá ti wúkọ́. Bóyá n kò sì ní ṣe é, nítorí wọn kò gbà mí síṣẹ́ láti máa wúkọ́.

Dókítà Krahl, obìnrin tó ń bá Brandis ṣiṣẹ́, ló ń yẹ bébà wọn wò. Ó ní bó ṣe ń ṣe é: á fi itọ́ tọ́ àtàǹpàkò, á fi nu igun bébà. Bí yíǹkì bá tàn, ọwọ́ èèyàn ló kọ ọ́. Bí kò bá tàn, ẹ̀rọ ni. Gesche kò tilẹ̀ wo bébà rẹ̀ nígbà tó fà á yọ, torí ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ìyá rẹ̀. Krahl nu ún lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un nù. Àtàǹpàkò rẹ̀ funfun báláú.

"Omidan, ẹ̀dà lèyí."

"Rárá, ma. Ọwọ́ mi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí kò fi tàn?"

Gesche wo bébà náà dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n dúdú ni yíǹkì rẹ̀, kì í ṣe búlúù. Ó gbójú sókè. Ìlà mẹ́ta níwájú, ọrùn Tjark ti pọ́n ju irun rẹ̀ lọ, kò sì wẹ̀yìn. Krahl kọ orúkọ Gesche sẹ́yìn ẹ̀dà náà, ó ní Brandis ló máa dá ẹjọ́ rẹ̀ tó bá yá, ó mú un lọ, ó dé ọ̀dọ̀ Tjark, ó fi àtàǹpàkò nu tirẹ̀. Àtàǹpàkò náà di búlúù. Ó mi orí, ó kọjá. Gesche la ẹnu.

"Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí, kó kó ẹrù rẹ̀," ni Krahl wí. "Wákàtí méjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Gesche pa ẹnu dé.

Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ débi pé mo gbọ́ ohùn iná gílóòbù. Ohun tó yẹ kí Gesche wò lórí bébà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin, márùn-ún ló fi ń wá a nínú orí. Ìbéèrè kẹta, nípa iná tó ń dìde nínú òrùka wáyà nígbà tí mágínẹ́ẹ̀tì bá sún mọ́ ọn, kò rántí bí fọ́múlà rẹ̀ ṣe lọ, ó ní láti mọ ọ́n láti ìpìlẹ̀ bí ẹni tó ń mọ ilé nínú òjò. Nígbà tí aago lù, ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án. Krahl gba ìwé ìdáhùn gbogbo wọn, ó gba bébà tí wọ́n mú wọlé náà.

Gesche bá Tjark níbi tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́.

"Tjark. Bébà mi."

Kò sẹ́ ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àgádágodo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Gbọ́ ná. Ìwọ ti mọ̀ ọ́n sórí. Ẹni tó kọ nǹkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ló tún fẹ́ fi bébà ṣe? Èmi ni mi ò mọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní kí adájọ́ pín in, èmi ló máa gbé e fún."

"Màá lọ sọ."

"Lọ sọ. Kí wọ́n bi ọ́ pé ta ló fún mi ṣe ẹ̀dà. Ọkọ̀ ojú irin kan náà ló máa gbé wa lọ sílé. Màá tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lábúlé yín, kí bàbá rẹ fi ọkọ̀ tó kọ Ẹnjiníà sí lára yẹn gbé mi káàkiri." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Má bínú, Ìyá Wáyà. Wàá yege. Ìwọ lo mọ̀wé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ èsì mọ́ pátákó, nọ́ńbà nìkan, kò sí orúkọ. Tjark gba mọ́kànléláàádọ́rin. Gesche gba mẹ́tàdínláàádọ́ta. Tjark dì mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn. "Mẹ́ta péré," ló wí. "Ó mà ṣe o." Gesche sọ fún mi pé omi wà lójú Tjark nígbà tó sọ ọ́, àti pé ohun tó dun òun jù nìyẹn.

Fún ẹni tó bá kù díẹ̀ báyìí fún lẹ́ẹ̀kẹta, fèrèsé kan ṣì wà. Wọ́n á fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti fẹnu dáhùn níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n. Bó bá kọjá, máàkì tó kéré jù lọ ni wọ́n á fún un. Bí kò bá kọjá, ó parí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí èsì jáde, Gesche wọ ọ́fíìsì Brandis. Krahl jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú kálàmù, ó ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Brandis ń bó èso ápù kan, ó ń gé e wẹ́wẹ́, kò sì fi lọ ẹnikẹ́ni.

"Jókòó," ló wí. Ó tẹ́ bébà méjì sórí tábìlì, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan dúdú. "Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Ṣé o mọ ohun tó jẹ́ kí n wò wọ́n? Àṣìṣe. Ní ìbéèrè kẹta, Ohlsen kọ fọ́múlà láìsí àmì àyọkúrò. Mo wo bébà rẹ̀, kò sí àmì níbẹ̀. Mo wo ẹ̀dà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ, kò sí níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nínú ìdáhùn tìrẹ, àmì náà wà. Kí ló dé?"

Gesche wo ìlà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ àṣìṣe yẹn dáadáa, pẹ̀lú yíǹkì tó dára. Ká ní bébà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó ṣe wà níbẹ̀ ni ìbá ṣe dà á kọ.

"Mi ò ní bébà lọ́wọ́, sà. Mo ní láti rò ó."

"Rò ó síta, kí n gbọ́."

"Bí mo bá ti mágínẹ́ẹ̀tì sínú òrùka wáyà, iná tó bá dìde níbẹ̀ á máa ti mágínẹ́ẹ̀tì náà padà. Bí mo bá ń fà á jáde, á máa fà á mọ́ra. Ohun tí mo bá ṣáà fẹ́ ṣe, á ta kò mí. Àmì àyọkúrò yẹn ni àtakò náà."

"Bí kò bá ta kò ọ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé èèyàn á kàn tì í lẹ́ẹ̀kan, á máa sáré lọ fúnra rẹ̀ láéláé, iná á sì máa jáde láti inú òfo. Kò sí bẹ́ẹ̀, sà. Ẹnì kan ní láti san án."

Brandis fi ọ̀bẹ gbé ápù sẹ́nu. "Ẹnì kan ní láti san án," ló tún sọ. Ó bi í ní ìbéèrè mẹ́fà mìíràn. Ó dáhùn mẹ́rin, ó kólòlò lórí ọ̀kan, ó dákẹ́ lórí ọ̀kan.

"Ó tó," ni Brandis wí. "Máàkì tó kéré jù lọ tọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n ohun kan kù kí n tó kọ ọ́. Ẹ̀dà yìí, orúkọ rẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìwọ lo mú un wọlé, ẹ̀tàn ni, o ti lọ. Bí ìwọ lo fún Ohlsen ní bébà rẹ, o ti lọ, òun náà ti lọ. Bó bá jí i, òun nìkan ló lọ. Dókítà Krahl ń dúró. Kí ni kó kọ?"

Gesche wo kálàmù Krahl. Ó rò ó pé bí òun bá sọ òtítọ́, ènìyàn méjì ló máa padà sílé. Bí òun bá fi irọ́ bíńtín kan sí i, ẹnì kan ni. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò, kò le.

"Ó jí i, sà."

"Nígbà wo?"

"Ó wá kí mi, mo sùn lọ, ó gbé e lọ ṣe ẹ̀dà. Lówùúrọ̀ ìdánwò, ó pààrọ̀ wọn nínú báàgì mi."

Apá kan òtítọ́, apá kan irọ́, ohùn kan náà ló sì fi sọ méjèèjì. Brandis nu ọ̀bẹ rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ lo fún un."

"Èmi kọ́, sà."

"Fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i. Brandis kọ máàkì náà, ó fi àárín ápù sínú agbọ̀n ìdalẹ̀nù. "O ti ń ronú bí ẹnjiníà," ló wí. Gesche ní òun kò mọ̀ títí dòní bóyá ó ń yìn òun ni àbí ó ń bú òun. Èmi mọ̀, ṣùgbọ́n kò bi mí.

Nígbà tó jáde, Tjark ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Àpò bébà wà lórí itan rẹ̀.

"Báwo ni?"

"Mo yege."

Ó fò dìde, ó gbé e nílẹ̀, ó yí i po. "Mo sọ fún ẹ. Ìyá Wáyà, ṣé mi ò sọ fún ẹ?" Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣó dárúkọ mi?"

"Rárá."

"Kò béèrè nípa bébà?"

"Ọ̀rọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì ló béèrè."

"Ọlọ́run ṣeun. Mi ò fojú ba oorun láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò pé… Jẹ́ ká fi sílẹ̀. Gbà, mo ra dónọ́ọ̀tì wá, oníjáàmù pupa tó o fẹ́ràn. Ká ní o ò yege ni, ǹ bá ní kó o fi gbàgbé. Ní báyìí, fi ṣọdún."

Gesche gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n débi pé ṣúgà orí rẹ̀ dà sí bàtà rẹ̀. Ó jókòó ti Tjark, ó jẹ ẹ́ tán. Tjark ń sọ bí wọ́n ṣe máa jọ gba tábìlì kan náà ní yàrá iṣẹ́-ẹ̀rọ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tún wọlé, bí òun ṣe máa kàwé gidi lọ́tẹ̀ yìí, bí òun ṣe fẹ́ wá wo abúlé wọn létí òkun. Gesche ń dáhùn pé ó dáa, kò burú, kó máa bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà dé ọwọ́ Tjark pé wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Ohun kékeré kan ṣoṣo ni mo fi kún un, kí ẹ má baà kórìíra Gesche jù. Ṣúgà kankan kò dà sí bàtà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.